Títílọlá, Má Tíì Tú Àkísà Náà

Òṣíẹ̀lẹ̀, lójú ọ̀nà Ìbàdàn,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, 1987.

Títílọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọ̀nà jíjìn, mo kí ọ kú ìfaradà ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í ti í jókòó. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní àtùpà yóò máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní jó ọ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ níbi tí ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń yá. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ. Ara àwa náà le, ó sì ku díẹ̀ káàtó, ohun tó fà á ni mo fẹ́ kọ sí ọ, ṣùgbọ́n má fò ó lọ sí ìdí lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí o ti máa ń ṣe láti kékeré, máa bọ̀ pẹ̀lú mi díẹ̀díẹ̀.

Mọ́nsúrù awakọ̀, ará ilé kejì wa, mú lẹ́tà rẹ dé láti Èkó. Ó ní o sanra díẹ̀, mo dúpẹ́. Mo wọ awò ojú mi, mo jókòó síbi tí oòrùn kì í dé, mo kà á tán, kò yé mi. Mo tún un kà, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi. Ìwé tí mo kà níléèwé ìjọ kò dé ibi tí o gbé ọ̀rọ̀ dé yìí, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ìgbà tí mo wá kà á sókè fún Bàbá Àgbà lórí ibùsùn wọn ló tó wọ̀ mí létí, ìdí nìyẹn tí èsì yìí fi máa gùn.

Bí mo bá gbọ́ ọ yé, ohun tí o sọ rèé. O ní ẹ máa ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kó lè máa ṣírò owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà tó ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi darúgbó. O ní kí àṣẹ náà tó lọ bá àwọn èèyàn, ẹ tún máa ń kọ àṣẹ mìíràn tí yóò máa dán ti àkọ́kọ́ wò fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó tì í, bí ẹ bá fi máa dé lówùúrọ̀, ẹ̀rọ á ti tẹ èsì ìdánwò sórí bébà gígùn. Títílọlá, ìdánwò lójoojúmọ́? Ìwọ fúnra rẹ, ìdánwò òpin ọdún nìkan ni inú fi máa ń run ọ́ tí mo fi ń se omi ewé fún ọ. Ẹ jẹ́ kó sinmi lọ́jọ́ Àìkú, ó kéré tán. O tún ní inú yàrá òtútù lẹ tì í mọ́, pé bí ooru bá mú un kò ní ṣiṣẹ́. Mo ní aṣọ òfì àtijọ́ kan nínú àpótí mi tí n kì í lò, bí òtútù náà bá pọ̀ jù fún un lóru, kọ̀wé kí n fi rán Mọ́nsúrù.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ibi tí o ti ní ẹ̀yin fúnra yín máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe sí i, pé ẹ ó fún un ní ọjọ́ ìbí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá yóò kìlọ̀. Bí kò bá kìlọ̀, ó ti fìdí rẹmi. Eléyìí yé mi yékéyéké. Bí Bàbá rẹ bá ra ajá tuntun, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń gbà wọlé lọ́jọ́ kejì, wọ́n á fi aṣọ borí bí olè. Ajá tí kò bá gbó kò ní jẹun pẹ́ nílé wa.

Àfi ìgbà tí mo dé ìdajì lẹ́tà. O ní ẹ̀rọ náà ní ohun tó máa ń ṣe tí kì í ṣe àṣìṣe, tí kì í sì í ṣe pípé. Ìkìlọ̀ ni o pè é. Pé bí nǹkan kan bá rú u lójú, kò ní dáwọ́ iṣẹ́ dúró, yóò ṣe é lọ, ṣùgbọ́n yóò kọ ọ́ sórí bébà pé, mo ṣe é o, àmọ́ kí ẹnì kan wá wò ó. Bébà yín wá kún fún ìkìlọ̀. Òmíràn ń kùn nípa àlàfo tó ṣẹ́kù lẹ́yìn orúkọ, òmíràn ń kùn pé orúkọ gùn jù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń kùn nípa àwọn arúgbó. O ní ìrù ọdún nìkan lẹ máa ń kọ fún ẹ̀rọ, ẹ kì í kọ orí rẹ̀, pé 95 nìkan lẹ ó kọ fún 1895, kí ó má ba à gba àyè, nítorí náà àwọn tí wọ́n bí kí ọ̀rúndún yìí tó wọlé, ojú ẹni tí wọn kò tíì bí ló fi ń wò wọ́n.

Ọ̀gá yín, Ọ̀gbẹ́ni Dìran, ní àwọn èèyàn pàtàkì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ yín, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n bá ìkìlọ̀ kankan lórí bébà. Ó ní kí o kọ ìlà kan péré sínú ìdánwò náà, ẹnu gbogbo ìkìlọ̀ á sì pa, bébà á máa sọ pé ó yege, ó yege. O ní àwọn mìíràn ti ń ṣe é. O ní ọkàn rẹ kò gbé e, ṣùgbọ́n ọ̀gá yín ní ẹni tí kò bá lè kọ ìlà kan kó wá iṣẹ́ mìíràn, o wá ní kí n bá ọ gbàdúrà kí o lè mọ èyí tí wàá ṣe. Mo gbàdúrà. Ṣùgbọ́n n kò lè gbàdúrà kí n má sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo kà á fún Bàbá Àgbà pé ẹ̀rọ kan wà ní Èkó tó ní wọn kò tíì bí irú wọn, àwọn tí wọ́n ti ń rá kí rélùwéè tó dé Abẹ́òkúta, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, Bàbá Àgbà ṣubú. Má bẹ̀rù, wọ́n wà láàyè, wọ́n ń jẹun díẹ̀díẹ̀, àmọ́ wọn kò lè dìde. Jókòó dáadáa kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ.

O mọ̀ pé ojú wọn ti ń ṣú tipẹ́. Nísinsìnyí, òjìji èèyàn ni wọ́n ń rí. Ẹnu wọn ni kò ṣú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ewúrẹ́ ti já, òjò ń bọ̀ ẹ kó láfún wọlé, ẹ̀ka igi yẹn máa ya, ẹsẹ̀ àga yẹn ń mì. Òótọ́ ni wọ́n máa ń sọ o, àmọ́ ó pọ̀. Ẹni tó bá ń sọ òótọ́ láti àárọ̀ títí dalẹ́, etí èèyàn á kọ̀ ọ́. Gbogbo wa nínú ilé ti mọ bí a ṣe ń dá wọn lóhùn láìgbọ́, pé ẹ ṣé o Bàbá, a ti gbọ́, a ó sì máa bá tiwa lọ.

Nígbà tí wọ́n rí i pé ohùn àwọn kò tà mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí so ààlè. Ìwọ tí a bí síbí mọ ààlè: ẹni tó kó igi ìdáná jọ sóko tí kò lè dúró tì í, á so ìkarahun ìgbín tàbí àkísà mọ́ ọn, kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ̀ pé nǹkan náà ní olúwa, kó sì bẹ̀rù. Ti Bàbá Àgbà kọjá ti igi ìdáná. Wọ́n so ṣùkù àgbàdo mọ́ àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Wọ́n so ooyà tó kán mọ́ ilẹ̀kùn tó máa ń gbá èèyàn níwájú orí. Wọ́n so àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mọ́ igi ìbẹ́pẹ tó fẹ́ wó. Bàbá rẹ bi wọ́n léèrè pé ta ni yóò jí ilẹ̀kùn gbé. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá lè ṣe èèyàn léṣe, olè ni, ìlera ló fẹ́ jí. Nígbà tó yá, kò sí ibi tí o máa yíjú sí nínú ọgbà wa tí nǹkan kò rọ̀ sí, mo sì ti ń fi orí yà wọ́n kọjá bí aṣọ tí a sá.

Ọ̀kan nínú wọn ni àkísà pupa. O rántí kòtò tí àgbàrá gbẹ́ sẹ́yìn ilé, tí a fi pátákó méjì lé lórí láti máa gbà lọ sí balùwẹ̀. Èyí tó fẹ̀, tó rọrùn láti tẹ̀, ikán ti jẹ abẹ́ rẹ̀ tán, òkè rẹ̀ ló ṣì dára lójú. Bàbá Àgbà ló fi ọ̀pá lù ú tí wọ́n gbọ́ pé dídún rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n sọ fún Bàbá rẹ, Bàbá rẹ ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n tún un sọ, Bàbá rẹ ní bí ìkórè bá kọjá. Wọ́n wá fa ìdí bùbá pupa wọn àtijọ́ ya, wọ́n so ó mọ́ òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó náà. Àárọ̀ gbogbo tí wọ́n bá ń lọ wẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ kan òpó, bí wọ́n bá ti bá àkísà níbẹ̀, wọ́n á gba orí èyí tó tín-ín-rín, ní ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ìnira. Àwa rò pé àwa ni wọ́n ń so ó fún. A kò mọ̀ pé àwọn fúnra wọn ń fi í ríran.

Ìgbà ìkórè dé. Ẹgbẹ́ Ìyá ìjọ wa ń yí ilé ká láti ṣe àdúrà, ó wá kan ilé wa. Ojú ń ti Bàbá rẹ. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n fi jẹ àgbà ìjọ, kí àwọn èèyàn wá máa fi orí gba ìkarahun ìgbín nínú ọgbà àwọn, wọ́n á ní abọ̀rìṣà ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n mú agbọ̀n, wọ́n ń ká ààlè kiri bí ẹni ń ká ata. Wọn kò wo ohun tí èyíkéyìí wà fún. Wọn kò tún ẹsẹ̀ àga ṣe, wọn kò gé igi ìbẹ́pẹ, wọ́n ṣáà ń ká a. Ọgbà mọ́ tónítóní. Ẹgbẹ́ Ìyá dé, wọ́n kọrin, wọ́n jẹun, wọ́n yìn wá pé ilé wa dùn ún wò. Inú Bàbá rẹ dùn, inú tèmi náà dùn, kí n má purọ́.

Ọjọ́ kejì, mò ń sá láfún lórí àpáta, mo gbọ́ tí igi kán. Lẹ́yìn rẹ̀ n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àìgbọ́ yẹn gan-an ló já mi láyà. Mo sáré débẹ̀, mo bá Bàbá Àgbà nísàlẹ̀ kòtò, ẹsẹ̀ wọn yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Mọ́nsúrù ló gbọ́ igbe mi tó fo ògiri wọlé, tó sọ̀kalẹ̀, tó pọ̀n wọ́n jáde bí ọmọ. Itan wọn ló ṣẹ́. Bàbá kan tó ń to eegun ní Adigbe wá, ó fi igi dì í, ó ní eegun arúgbó kì í tètè jọ, kí a máa ní sùúrù.

Bàbá rẹ kúnlẹ̀ ti ibùsùn. Wọ́n ní, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ sọ fún wa pé pátákó yẹn ti rà, kí ló gbé yín dé orí rẹ̀? Bàbá Àgbà na ọwọ́, wọ́n wá orí ọmọ wọn kàn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n ní:

“Mo fọwọ́ kan òpó, n kò bá àkísà níbẹ̀ mọ́. Mo ní, ọmọ mi ti tún un ṣe.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Títílọlá. Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn, bí ẹni tó ń dúpẹ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Bàbá rẹ dìde, wọ́n lọ sẹ́yìn ilé, mo sì gbọ́ ẹkún wọn. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, n kò gbọ́ ẹkún Bàbá rẹ rí. Ó dùn mí, inú sì bí mi sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ èyí tí n bá ṣe, mo lọ kó láfún mi.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá rẹ ti gbé agbọ̀n ààlè náà jáde padà. Wọn kò rántí ibi tí wọ́n ti ká púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e wá síbi ibùsùn, Bàbá Àgbà ń fọwọ́ pa ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ibi tó ti wá àti ohun tó ń wí. Bàbá rẹ so gbogbo rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kan ẹsẹ̀ àga, wọ́n jókòó lé e, wọ́n mì í, kí wọ́n tó tú ṣùkù àgbàdo. Wọ́n tún ilẹ̀kùn ṣe kí wọ́n tó tú ooyà. Àwọn kan sì wà tí kò sí nǹkan kan nídìí wọn. Ìkarahun kan ń ṣọ́ ìkòkò tí mo ti sọ nù tipẹ́, Bàbá Àgbà fúnra wọn ní kí a tú ìyẹn, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ìkòkò náà ti fọ́.

Nítorí náà, n kò bá ọ̀gá rẹ jà. Ó ti sú u ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti sú wa. Èyí tó ń kùn nípa àlàfo lẹ́yìn orúkọ, lọ wo ìdí rẹ̀, bí o bá rí i pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, tú u, ìyẹn nìkan, kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ Títílọlá lo tú u àti ìdí tí o fi tú u, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má rò pé afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ mú agbọ̀n kí ẹ ká gbogbo rẹ̀ nítorí pé àlejò ń bọ̀, rárá o. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àwọn àgbà ti wí i. Ti ọ̀gá rẹ yìí tún ga, fèrè ọdẹ gan-an ló ní kó dákẹ́.

Àwọn arúgbó yẹn kò rí inú bébà yín, ọmọ mi. Bí wọ́n bá tiẹ̀ rí i, kò lè yé wọn. Ọwọ́ lásán ni wọ́n nà. Bí bébà bá mọ́, ẹni tó ń buwọ́ lù ú á ní àwọn ọmọ yìí ti tún un ṣe, àwọn arúgbó á sì ní ìjọba ti tún un ṣe, wọ́n á gbé ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí àgbà kan bá dúró lójú fèrèsé ìsanwó tí wọ́n ní wọn kò tíì bí i, Ọ̀gbẹ́ni Dìran kò ní sí níbẹ̀ láti gbọ́ ohun tó máa wí.

Lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀, kúnlẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀, ìkúnlẹ̀ kò dín ìwé tí o kà kù. Sọ fún un pé kó fún ọ láyè láti fi orí ọdún síwájú ìrù rẹ̀, pé ìkìlọ̀ yẹn á dákẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tún un ṣe. Bí ó bá gbà, ògo ni fún Ọlọ́run. Bí ó bá ní kí o máa lọ, mo mọ̀ pé ìwọ la gbójú lé, n kò ní sọ fún ọ pé kò ní ni wá lára. Ó máa ni wá lára. Ṣùgbọ́n yàrá rẹ ṣì wà, mo ń gbá a, láfún sì wà.

Bá mi kí kọ̀ǹpútà náà. N kò mọ̀ bóyá ó jù ọ́ lọ tàbí o jù ú lọ, kí n má ba à ṣe àfojúdi, mo fi ẹ kí i: sọ fún un pé ìyá rẹ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ní ẹ kú ìkìlọ̀ o, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi rán Mọ́nsúrù kí a lè ra símẹ́ńtì sí ẹ̀bá kòtò yẹn kí òjò ọdún tó ń bọ̀ má ba à gbẹ́ ẹ wá sí ìdí ilé, kí a sì wá nǹkan fún bàbá tó ń to eegun. Fi àbóníkì kún un fún itan Bàbá Àgbà, àti súwẹ́tà kan, ọyẹ́ ti fẹ́ dé. Bí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yìí kò bá jẹ́ kí owó oṣù jáde, má yá owó nítorí wa, a ó tọrọ sùúrù.

Àkísà pupa tí o bá nínú lẹ́tà yìí, má rò pé mo fi nu ọwọ́ ni. Ti orí òpó ni. Bàbá rẹ ló tú u lánàá, lẹ́yìn tí wọ́n kan pátákó tuntun, tí wọ́n dúró lé e, tí wọ́n ní kí èmi náà wá dúró lé e pẹ̀lú wọn. Bàbá Àgbà ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o so ó mọ́ ara ẹ̀rọ náà níbi tí ojú ọ̀gá rẹ á ti máa bá a. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ṣe tán, kí ìwọ fúnra rẹ tú u, kí o mú un wálé. Wọ́n ní bí o bá dé, àwọn ò ní bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, ọwọ́ nìkan ni àwọn máa nà.

Kí Ọlọ́run má pa ẹnu mọ́ ẹni tó bá fẹ́ kìlọ̀ fún ọ. Kí ó fún ọ ní etí tí kì í sú. Ibi tí o bá gbé ẹsẹ̀ lé kò ní yà lábẹ́ rẹ, ibi tí ìwọ náà bá kàn fún àwọn ẹlòmíràn kò ní yà lábẹ́ wọn.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Adébímpé.

Mo tún fẹ́ kí o mọ̀ pé mo fún Bàbá rẹ ní lẹ́tà yìí kà kí n tó lẹ̀ ẹ́. Mo ní bí ibì kan bá wà níbẹ̀ tó tì wọ́n lójú, kí wọ́n fi bírò pa á rẹ́. Wọ́n kà á dé ìparí, wọ́n tún padà sí ibi pátákó, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní kí n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.